Ẹ Yẹ Báàgì Mi Wò

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 1997

Kọ̀m̀pútà dé. Wándé fúnra rẹ̀ ló gbé e gun àtẹ̀gùn, kò jẹ́ kí awakọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó gbé e ka orí káńtà, níbi tí mo ti máa ń di aṣọ fún oníbàárà láti ọjọ́ tá a ti kó ṣọ́ọ̀bù wá sí Bódìjà. Ó da aṣọ funfun bò ó nítorí eruku. Ó ní bí òun ò bá sí níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i lójú.

Mo ní, háà, ìyàwó la gbé wọlé yìí! Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti òní lọ, Ìyàwó lorúkọ ẹ̀rọ yìí nínú ìwé mi. Wándé ni Ọkọ Ìyàwó.

Màmá Adégbọlá tí wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù ò lè wá wò ó. Orúnkún. Láti ọdún tó kọjá, àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ti di òkè Ìdànrè fún wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe Wándé ọmọ wọn wálé láti Èkó kó wá máa bójú tó ọjà. Mo ti rò pé èmi ni wọ́n máa fi í lé lọ́wọ́ — èmi tí mo ti ń bá wọn tajà láti Dùgbẹ̀, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.

Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Gbogbo aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ti gba nọ́ńbà tán. Bébà kékeré kan la ń so mọ́ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Wándé ní ohun kan bí ìbọn ọmọdé tó ń tan iná pupa. Ó nà án sí bébà náà — píì! — Ìyàwó ti mọ̀ pé a ti ta aṣọ yẹn. Ó jẹ́ kí n yìn ín wò sára gáùn aláwọ̀ ewé kan. Ó dún píì. Mo rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé. Ohun tó dáa dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ọ̀nà tó gbà kó ọjà sínú rẹ̀ ni kò yé mi. Kò ka ohun tó wà lórí hángà. Ìwé tí Màmá fi ra ọjà ló kó jọ, ó yọ ohun tá a ti tà kúrò, ó ní ohun tó kù nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ ká ka èyí tó wà nílẹ̀ náà. Ó ní Ìyàwó ti kà á.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo gbé ọbẹ̀ ẹja tútù lọ fún Màmá ní Ring Road. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń lọ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dè wọ́n mọ́lé. Mo ròyìn Ìyàwó fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù fún Wándé, ọmọdé ni.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n wo agogo. “Nímọ́, Àsárì ti tó. Lọ kírun.”

Ẹ wo ìyá Aládùúrà yìí o! Láti Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ọjà pọ̀ bí iyanrìn, bí oníbàárà kún ẹnu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ jẹ́ kí ìrun kọjá mi. “Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, lọ kírun.” Àwọn ìbátan mi tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí gan-an ò rán mi létí tó bẹ́ẹ̀. Nítorí ìyẹn nìkan, mo lè bá wọn tajà dé sàréè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Nẹ́pà mú iná lọ. Epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Ìyàwó sùn, Ọkọ Ìyàwó ń gbọnra. Èmi ń tajà mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wàhálà dé. Wándé pè mí sídìí káńtà, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Bébà onílà dúdú kún un. Gbogbo aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù ti gba tiwọn, àwọn wọ̀nyí ṣẹ́ kù, wọn ò rí ọrùn tí wọ́n máa so mọ́. “Àǹtí Nímọ́, níbo làwọn aṣọ yìí wà?”

Mo ní wọ́n lọ ìrìnàjò.

Bí mo ṣe máa ń pè é nìyẹn. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní Bódìjà? Ṣọ́ọ̀bù wa ò ní yàrá tí èèyàn ti lè wọ aṣọ wò. Kọ́tìnnì kan ló wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ń gbé e sókè. Obìnrin ilé ọkọ wo ló máa bọ́ra síbẹ̀? Ẹlẹ́hàá ńkọ́, tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ń wá yan aṣọ fún un? Nítorí náà, ẹni tá a bá ti mọ̀, ẹ gbé e lọ wò nílé. Bó bá bá yín mu, ẹ wá sanwó. Bí kò bá bá yín mu, ẹ dá a padà. Ẹlòmíì a lò tó oṣù kan, a ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Màmá ló dá a sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé aṣọ tó bá ti sùn mọ́jú nílé obìnrin kì í fẹ́ padà mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fún un. Ìyáàfin Ògúnsànyà, ọ̀gá iléèwé l'Ágbowó, súùtù aláwọ̀ sánmà. Ìyá Ṣemílóore. Ìyàwó Àfáà Ìdrís... Ó gbé ọwọ́ sókè. “Àǹtí Nímọ́, ohun méjì ni sísítẹ́ẹ̀mù mọ̀. Aṣọ wà, tàbí a ti tà á. Kò sí ìrìnàjò níbẹ̀.”

Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti béèrè. Kò sọ ohun tí wọ́n wí fún un.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò tíì bọ́ aṣọ ọjà lára, ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ mú.

A fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ìyáàfin Ògúnsànyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú tíṣà rẹ̀ méjì, wọ́n ń wo súwẹ́tà. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká. Wándé dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Àǹtí Nímọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yẹ báàgì yín wò.”

Mo rò pé ó ń ṣeré.

Kò ṣeré. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dà á sórí káńtà, níwájú Ìyàwó. Ìyarun mi. Ìborùn tí mo fi ń kírun. Búrẹ́dì tí mo rà fún àwọn ọmọ. Ohun tí obìnrin ń gbé káàkiri lásìkò rẹ̀ — ó fi ìka méjì gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tíṣà yẹn gbójú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ki ìbọn pupa rẹ̀ bọ inú báàgì, ó ń tàn án káàkiri, ó ń dúró kó dún píì. Kò dún.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀: àpò kan wà nínú báàgì yẹn tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé. Nígbà tí àwọn jáwójáwó fi ojú mi rí màbo ní Mọ́kọ́lá, mo tú ojú rírán aṣọ inú báàgì náà lápá òsì, mo rán àpò pélébé kan sẹ́yìn rẹ̀. Kò hàn sójú. Àfi kéèyàn ti ìka bọ abẹ́ aṣọ náà. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi àti oògùn ẹ̀fọ́rí mi ló wà níbẹ̀. Rasheed ọkọ mi tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan ò mọ̀ ọ́n. Olè bí mo bá jẹ́, ibẹ̀ ni ǹ bá kó o sí, ìwọ olóyè ẹ̀rọ!

Wándé, ọmọ Adégbọlá, o máa dọ̀bálẹ̀ fún mi. Lórí sìmẹ́ńtì ibi tó o ti tú báàgì mi yẹn, lójú àwọn tó wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ “ẹ má bínú” tí wọ́n ń sọ lórí ìdúró. Mi ò fẹ́ ẹ̀bùn. Àyà rẹ nílẹ̀ ni mo fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ojoojúmọ́ ni.

Ọjọ́rú, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo sọ fún Rasheed. Ó ju sípánà sílẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sí Bódìjà lọ fọ́ ẹnu ẹni. Mo dì í mú. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣebí Àbẹ̀ḿbí tó ń ta aṣọ ní Challenge ti ń pè mí tipẹ́, pé kí n wá jẹ́ ọ̀gá fún àwọn ọmọ òun.

Bí mo bá lọ nísìnyí, wọ́n á ní mo sá. Olè ló ń sá. Nǹkan kejì ni Màmá. Ojú wo ni màá fi wo obìnrin yẹn? Kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ mí. Mi ò ní jẹ́ kí ìjà mi kàn án.

Màá dúró. Màá máa wò ó níran.

Ọjọ́ Jímọ̀, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Irú! Irú wóró, mo rà á ní Bódìjà, mo ní kí ìyá tó ń tà á má wulẹ̀ fi ewé dì í. Mo dà á sínú báàgì bẹ́ẹ̀, lábẹ́ ìborùn. Ọkọ Ìyàwó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Ó fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyàwó ń rùn. Mo fi ìka di imú, mo bi í pé kí ló ń rùn báyìí o? Mo rẹ́rìn-ín láti Bódìjà dé Mọ́kọ́lá, ẹni tá a jọ wọ tasí sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ring Road. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún Màmá, kó má bàa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sókè. Mo ń bu ọbẹ̀ sábọ́ nígbà tí wọ́n ní, “Wọ́n ní báàgì ẹ ń rùn.” Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín. Wándé ti lọ fẹjọ́ sùn.

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n mi orí, mi orí. Wọ́n ní ọmọ ayé òde òní ò mọ èèyàn. Mo ní, “Màmá, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ dá ìrìnàjò sílẹ̀.” Wọ́n ní àwọn á sọ fún un. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbàdúrà fún mi ní orúkọ Jésù, mo ṣe àmín. Wọ́n ní oòrùn ti ń yẹ̀, kí n lọ kírun.

Ara mi fúyẹ́ nígbà tí mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú mi sí Wándé ò dín kù. Ó pọ̀ sí i ni. Irú ìyá yìí ló bí irú ọmọ yìí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọgbọ́n dé.

Ìyáàfin Ògúnsànyà wá sanwó súùtù. Mo pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn, mo ní, “Mọ̀mí, ẹ má tíì san án. Ẹ má dá a padà. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín títí màá fi ránṣẹ́ sí yín.” Wọ́n wò mí. Àwọn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò pẹ́ kó tó yé wọn. Wọ́n ní, “Nímọ́, o burú.” Wọ́n yí padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sọ̀ kalẹ̀.

Jẹ́ kí bébà máa ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́ kó gbà tọkàntọkàn pé olè ni mí. Jẹ́ kó sọ ọ́ fún ayé gbọ́. Ẹni tó bá gun igi jù, òun náà ló máa ṣubú jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà: aṣọ tí a ò bá tíì san owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Àfáà Ìdrís wá yan ìró àti bùbá fún ìyàwó rẹ̀, ó ka ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní “Ó dàárọ̀.” Ìyá kan ní òun ò lè bọ́ra sẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyàwó ò fẹ́.” Wọ́n bi mí pé ìyàwó ta ni?

Mo tọ́ka sí i. Àwọn náà lọ. Mi ò dá ẹnì kankan dúró. Ohun tí ọ̀gá bá wí ni mò ń ṣe, mo ti di ọmọ tó ń gbọ́ràn.

Màmá ò tíì sọ fún un. Bóyá wọ́n ti sọ ọ́, tí kò gbà. Wọ́n ti darúgbó, ta ló ń gbọ́ tiwọn mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 29 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹ̀fọ́rí. Báàgì. Ilé.

Ọjọ́bọ̀, 2 Ọ̀kítóbà

Ọlọ́run mi ò sùn. Àwọn kan ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e. Alàgbà Adéróunmú ni olórí wọn, ọ̀rẹ́ bàbá Wándé tó ti kú. Wọ́n fẹ́ wo Ìyàwó níṣẹ́. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á bá Wándé ṣí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ sí Ìwó Road àti Challenge. Ó ti ra táì tuntun. Ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá òkè àjà.

Mo jókòó, mo ka àwọn arìnrìnàjò mi lórí. Mo rántí ẹni tó gbé gbogbo wọn — àfi ọ̀kan. Gáùn aláwọ̀ wáìnì, lésì níwájú. Mo ronú títí. Ta ló gbé e? Mi ò rántí, Ọlọ́run, mi ò rántí. Mi ò ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀kítóbà

Mo ti ń rìn. Agbowó, Bódìjà, ẹ̀yìn ọjà, títí dé Ìwó Road. Ilé sí ilé. Ohun kan náà ni mò ń sọ: Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àílà, ẹ gbé aṣọ wá. Kì í ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ pàdé nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìyá Ṣemílóore ní òun á pa ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń dirun tì wá. Àfáà Ìdrís ní kò tọ́ kí obìnrin máa gbẹ̀san, ó jókòó díẹ̀, ó ní òun á wá fúnra òun.

Rasheed ní ó ti tó. Ó ní tí mo bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kí n má gbẹ́ ẹ jìn, bóyá èmi náà ló máa jìn sí i. Mo ní kó dákẹ́, kì í ṣe báàgì tirẹ̀ ni wọ́n tú.

Ọjọ́ Jímọ̀, 10 Ọ̀kítóbà

Ọ̀la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀kítóbà

Kí n kọ ọ́ létòlétò, kó má bàa dà rú mọ́ mi lójú.

Wọ́n dé lọ́sàn-án. Alàgbà Adéróunmú, irùngbọ̀n funfun, ọ̀pá lọ́wọ́, àti ọkùnrin méjì tó wọ táì. Iná wà — Nẹ́pà pàápàá ń ṣe ti Wándé. Ó ṣí aṣọ funfun lójú Ìyàwó. Ó jẹ́ kí Alàgbà yìnbọn. Píì! Inú bàbá náà dùn, ó tún un yìn. Wándé ń sọ̀rọ̀ bí omi. Ó ní kí ẹ̀rọ yìí tó dé, àwọn ò mọ ohun tó ń jáde gba ẹ̀yìn. Ó ní ní báyìí, ó ti hàn pé aṣọ ń sọnù, àwọn sì mọ ẹni tó yẹ kí àwọn máa ṣọ́. Ó wò mí. Àwọn onítáì náà wò mí. Mo ń to hángà.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ìyáàfin Ògúnsànyà ló ṣáájú. Súùtù aláwọ̀ sánmà wà lápá wọn. Ìyá Ṣemílóore tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú gáùn méjì, ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá yìí, ìyá tọ̀hún. Àwọn tíṣà méjèèjì tí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àfáà Ìdrís gbé tirẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ó di ẹnu rẹ̀ bí ẹni gbé ẹran. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń bọ̀ wá sídìí káńtà, wọ́n ń kó aṣọ lé e, wọ́n ń kó o lé e, títí a ò fi rí ojú Ìyàwó mọ́.

Wándé mú ìbọn. Ó nà án sí súùtù. Kò dún. Aṣọ ò ní bébà lọ́rùn — ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo bébà wà, nínú dúrọ́ọ̀. Ó nà án sí òmíràn. Kò dún.

Ìyáàfin Ògúnsànyà sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ iléèwé wọn wí. “Wándé, ṣé olè ni mí? Èmi ni mo gbé eléyìí lọ wò nílé. Nímọ́ sọ fún ẹ, o ní ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Lójú mi lo tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀, o fọwọ́ kan ohun tí ọkùnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ojú mi náà ni wàá ti bẹ̀ ẹ́.”

Ìyá Ṣemílóore ní, “Kó bẹ̀ ẹ́ kí n ríbi padà sọ́dọ̀ ẹni tí mo dirun rẹ̀ dé àárín!”

Alàgbà Adéróunmú béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo rò ó fún wọn ní ìwọ̀nba. Wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀. “Ẹ̀rọ rẹ dáa, Wándé. Màá tún wá wò ó nígbà míì. Ní báyìí, dọ̀bálẹ̀ fún àǹtí rẹ.”

Ó dọ̀bálẹ̀. Táì rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Àyà kan sìmẹ́ńtì.

Ó dùn. Mi ò ní purọ́ fún ìwé. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Mi ò ní kó dìde. Mo mú súùtù aláwọ̀ sánmà, mo ń ká a, mo ń tẹ́ ẹ, mo tún un ká. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ó ń sọ nǹkan sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà dáadáa. Èmi nìkan ló gbọ́ ọ.

“Àǹtí Nímọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe èmi. Màmá ló ní kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní àwọn náà ti ń ṣe é láti Dùgbẹ̀, nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti lọ kírun.”

Mo ní kó dìde. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń gbá mi mọ́ra. Gáùn aláwọ̀ wáìnì yẹn ò padà wá, kò sẹ́ni tó bi mí.

Irọ́ ni. Ẹni tí ojú bá tì máa ń wá ẹni tó máa fà lulẹ̀ mọ́ra. Ó mọ ibi tó máa dùn mí jù, ibẹ̀ ló gún. Ìyá tó bí i! Irọ́ ni.

“Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, lọ kírun.”

Irọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ọ̀kítóbà

Mo lọ sí Ring Road bí mo ṣe máa ń lọ. Mo gbé ẹja tútù dání láti sè é níbẹ̀. Màmá jókòó sórí àga wọn, ẹsẹ̀ lórí àpótí, orúnkún méjèèjì wú. Àdúrà ni wọ́n fi pàdé mi. Wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ti jà fún mi. Wọ́n ní ṣebí àwọn ti sọ fún Wándé pé ọwọ́ Nímọ́ mọ́. Ojú wọn ò yẹ̀ lára mi. Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ àná lọ.

Mo gbé báàgì mi lé wọn nítan, kí omi má bàa ta sí i. Mo jókòó sórí ìjókòó kékeré níwájú wọn, mo ń ha ìpẹ́ ẹja. Ọwọ́ mi méjèèjì kún fún un. Mo ní, “Màmá, orí ń fọ́ mi. Ẹ bá mi mú oògùn mi nínú báàgì.”

Bẹ́ẹ̀ nìkan. Mi ò sọ ibi tó wà.

Wándé tú báàgì yẹn lójoojúmọ́, kò rí i. Màmá ò wo inú rẹ̀ rárá. Wọ́n ń bá àdúrà wọn lọ, ojú wọn wà lára mi, wọ́n ṣí síìpù, ọwọ́ wọn gba apá òsì lọ tààrà, ìka méjì bọ́ sábẹ́ aṣọ inú. Wọ́n mú oògùn jáde.

“Òun nìyí. Ya ẹnu.”

Mo ya ẹnu. Ó fi í sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì láìlómi.

Agogo ara ògiri dún. Ó wò ó. Ó ní, “Nímọ́, Àsárì ti tó. Lọ kírun.”

Mo fọ ọwọ́. Mo gbé báàgì mi kúrò lórí itan rẹ̀. Ó di etí báàgì náà mú díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, bóyá kò mọ̀ pé òun dì í mú. Mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e ka iwájú mi lórí ẹní ìrun. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, mi ò rántí ohun tó yẹ kí n kà. Orúnkún rẹ̀ ni mò ń rò. Ọmọ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ fún mi, kì í sì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló jẹ mí ní gbèsè. Òun ló yẹ kó kúnlẹ̀. Orúnkún yẹn ò sì ṣeé kúnlẹ̀ mọ́ láyé.